Ilẹ̀kùn Omi: Bí Wọ́n Ṣe Ń Darí Omi Tó Ń Di Iná Dé Ọ̀dọ̀ Wa ní Banigbé

 

Ọ̀rọ̀ iná la fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n omi la ó fi bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi ló ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí wọ́n ń tàn ní ilẹ̀ Benin, omi odò tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fojú rí rí: odò Volta ní Gánà àti odò Mono ní Tógò. Lẹ́yìn náà ni ti odò Ọya ní Nàìjíríà wá kún un. Ta ló ń ṣí omi yìí? Ta ló ń tì í? Kí ló dé tí òkùnkùn fi bo ilẹ̀ wa ní ọdún 1998, nígbà tí kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́, tí kì í sì í ṣe pé wáyà já? Ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ nìyí.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí gbogbo wa mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé àgbàdo lọ sí ilé ẹ̀rọ ọlọ ti gbọ́ ohùn yìí rí. Ẹ̀rọ ń lọ jẹ́jẹ́, wọ́n da àgbàdo sí i, ó kérora, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kú. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti ta jí, ó ń lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ kò dìde lórí àpótí rẹ̀. Ohun kékeré kan wà lára ẹ̀rọ náà tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti pọ̀ sí i, òun ló bu epo kún un. Gọ́fánọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Bí àgbàdo bá tán, òun náà ló ń dín epo kù, kí ẹ̀rọ má baà sáré àsápajúdé.

Ẹ̀rọ tí omi ń yí nílé iṣẹ́ iná, èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́báìnì, ní gọ́fánọ̀ tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé omi ni tiẹ̀ ń bù kún, omi ló sì ń dín kù.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1788, James Watt, ọmọ ilẹ̀ Scotland, so bọ́ọ̀lù irin méjì mọ́ ẹ̀rọ tó ń fi oorú omi gbígbóná ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń sáré jù, bọ́ọ̀lù méjèèjì á ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí aṣọ egúngún ṣe ń fẹ̀ nígbà tó bá ń pòyì. Bí wọ́n bá ti ya báyìí, wọ́n á fa irin kan tó ń dín oorú kù. Bí eré bá dínkù, bọ́ọ̀lù á wálẹ̀, oorú á tún pọ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń fi omi yí ẹ̀rọ gba ọgbọ́n yìí lò.

Àwọn ẹlòmíì sì tún tọ́báìnì fúnra rẹ̀ ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1848, James Francis ṣe irú kan ní ìlú Lowell ní Amẹ́ríkà, níbi tí omi ti ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé kó tó jáde nísàlẹ̀. Ní ọdún 1913, Viktor Kaplan, ọmọ ilẹ̀ Austria, gbé òmíràn jáde, tó dà bí àjẹ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi, tí abẹ rẹ̀ sì lè yí. Ẹ rántí orúkọ méjèèjì, nítorí irú ti Francis ló wà ní Akosombo ní Gánà, irú ti Kaplan sì wà ní Kainji ní Nàìjíríà.

Báwo ni omi ṣe wá ń gba inú rẹ̀ kọjá? Wọ́n sé odò, omi kóra jọ di adágún lẹ́yìn ògiri. Omi tó wà lókè fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Páìpù irin ńlá, tí ènìyàn lè dúró nínú rẹ̀ láìtẹ̀ba, ni wọ́n là sílẹ̀ fún un. Lẹ́nu páìpù yìí lókè, ilẹ̀kùn irin kan wà. Kì í ṣe ilẹ̀kùn yìí ni wọ́n fi ń díwọ̀n omi lójoojúmọ́. Ìgbà àtúnṣe tàbí ìgbà ewu ni tirẹ̀: kó ṣí pátápátá, tàbí kó tì pátápátá.

Nísàlẹ̀, páìpù náà yí tọ́báìnì ká bí ìkarahun ìgbín, ó fẹ̀ ní ẹnu, ó ń tín-ín-rín bó ṣe ń yí lọ. Nínú ìkarahun yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Àwọn abẹ irin dúró lóòró, wọ́n tò yí tọ́báìnì ká bí ọgbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè yí lójú ibi tó dúró sí, bíi gíláàsì fèrèsé náákò, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní lúfà. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ kan ṣoṣo là ń fà lára náákò tí gbogbo gíláàsì fi ń yí pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ibí yìí: gbogbo abẹ so mọ́ òrùka irin ńlá kan. Òrùka yí díẹ̀, àlàfo àárín abẹ fẹ̀, omi púpọ̀ wọlé. Ó yí padà, àlàfo dín, omi dínkù. Nígbà tí abẹ bá fara kan ara wọn, omi dá.

Apá ènìyàn kò ká òrùka yẹn, nítorí agbára omi tó ń tì í pọ̀ jù. Epo tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú irin ló ń tì í, irú agbára tó wà nínú jáàkì olómi tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù. Gọ́fánọ̀ ló ń pàṣẹ fún epo yẹn. Láyé àtijọ́, bọ́ọ̀lù irin tó ń pòyì ló ń wo eré ẹ̀rọ. Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń wò ó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò yí padà: wo eré, ṣí tàbí tì.

Kí ló dé tí eré fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Iná tí à ń lò ní Benin, ní Tógò, ní Gánà àti ní Nàìjíríà ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré tí àwọn ẹ̀rọ ńlá ń sá ló ń mú un wà ní 50 yẹn. Nígbà tó bá di agogo méje alẹ́, tí gbogbo ilé tan gílóòbù, tí fíríjì àti tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ẹ̀rọ ńlá yẹn á kérora bí ẹ̀rọ ọlọ tí wọ́n da àgbàdo sí. Ìgbà 50 á fẹ́ wálẹ̀ díẹ̀. Gọ́fánọ̀ á mọ̀ ọ́n, abẹ á ṣí, omi á pọ̀, eré á padà. Nígbà tí a bá pa iná láti sùn, abẹ á tún padé díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì iná ní Banigbé, ó ti kan ilẹ̀kùn omi kan níbìkan.

Ilẹ̀kùn yìí kò gbọ́dọ̀ yára jù. Ẹni tó bá ti ẹ̀rọ omi lójijì nígbà tó ń tú jáde gidigidi á gbọ́ "gbòà" nínú páìpù. Omi tó ń sáré ni wọ́n dá dúró lójijì yẹn, ara ògiri páìpù ló gbá. Ní páìpù tí ènìyàn lè dúró nínú rẹ̀, irú "gbòà" yẹn lè fa irin ya. Nítorí náà ni abẹ kì í ṣe é padé lẹ́ẹ̀kan gbàà, díẹ̀díẹ̀ ló ń padé. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò gbọ́dọ̀ lọ́ra jù. Bí wáyà ńlá bá já, tí iṣẹ́ kúrò lọ́rùn ẹ̀rọ lójijì, tọ́báìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí òkòtó tí ẹnikẹ́ni kò lè mú. Láàárín àìyára jù àti àìlọ́ra jù yìí ni gbogbo ọgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rọ́ṣíà fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2009, ní ibi ìsédò Sayano-Shushenskaya, ọ̀kan nínú àwọn tọ́báìnì já kúrò lójú ibi tí wọ́n dè é mọ́, omi ya wọ gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ wà. Ènìyàn 75 ló kú. Iná ti lọ nílé iṣẹ́ iná fúnra rẹ̀, ọwọ́ làwọn òṣìṣẹ́ fi ti àwọn ilẹ̀kùn ńlá tó wà lókè kí omi tó dá.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé, ká wo bí irú ilẹ̀kùn yìí ṣe kàn wá.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1966, Ààrẹ Kwame Nkrumah ṣí ìsédò Akosombo lórí odò Volta. Adágún tó kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀ fẹ̀ ju kìlómítà 8,000 lọ níbùú àti lóòró. Nǹkan bí ènìyàn 80,000 ló fi ilé àti oko baba wọn sílẹ̀ fún omi. Tọ́báìnì mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n tún wọn ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún yìí, agbára wọn di mẹ́gáwáàtì 1,020.

Ní ọdún 1968, Tógò àti ilẹ̀ wa, tí orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ Dàhòmì nígbà náà, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ pọ̀, Communauté Électrique du Bénin, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CEB. Ní ọdún 1972, wáyà láti Akosombo gba Lomé dé Kútọnu. Bí omi Volta ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná fún wa nìyẹn. Ẹ wo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889: wọ́n fa ilà tó pín ilẹ̀ Yorùbá apá ibí yìí sí méjì, wọ́n ní ẹni ibí kì í ṣe ẹni ọ̀hún mọ́. Wáyà iná kò ka ilà kankan sí. Ó ré ààlà Gánà kọjá, ó ré ti Tógò kọjá, ó wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀kùn omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni iná. Ní ọdún 1983 àti 1984, ọ̀dá mú gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, adágún Volta lọ sílẹ̀ gidigidi, Gánà sì dín iná kù fún ara rẹ̀ àti fún àwa tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ní ọdún 1987, Tógò àti Benin ṣí ìsédò tiwọn ní Nangbéto lórí odò Mono. Ìpínlẹ̀ Atakpamé ló wà, níbi tí àwọn ará wa Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ana ń gbé. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀, mẹ́gáwáàtì 65 ni agbára wọn lápapọ̀. Ó ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tó láti fi jẹ́ ká bọ́ lọ́wọ́ Akosombo.

Ọdún 1998 ló fi hàn. Òjò tí kò tó ní ọdún tó ṣáájú ti fa adágún Volta wálẹ̀. Àwọn àgbà tó wà ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ nígbà náà kò ní gbàgbé: a lo iná ní wákàtí díẹ̀, a wà nínú òkùnkùn ní wákàtí púpọ̀. Aránṣọ padà sí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, omi yìnyín wọ́n lọ́jà, ariwo jẹnẹrétọ̀ gba ìgboro kan. Ní ọdún 2006 sí 2007, ó tún ṣẹlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn bi ara wọn nígbà náà pé: ẹ̀rọ kò kú, omi ṣì wà nínú adágún, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sí i, kí iná pọ̀! Ìdáhùn rẹ̀ ni ohun tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀.

Iná tí tọ́báìnì lè mú wá wà lọ́wọ́ ohun méjì: iye omi tó kọjá, àti gíga ibi tí omi náà ti já wálẹ̀. Ọ̀pẹ tó ga àti ọ̀pẹ kúkúrú, èso kan náà ló ń já lórí méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tó ti òkè réré já ló ń balẹ̀ kíkankíkan. Bí adágún bá kún, omi díẹ̀ tó ti òkè já á ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Bí adágún bá lọ sílẹ̀, wọ́n ní láti ṣí abẹ sí i kí omi púpọ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ tí díẹ̀ ń ṣe lánàá. Bí wọ́n sì ti ṣí i, adágún á tún lọ sílẹ̀ sí i, wọ́n á tún ní láti ṣí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbèsè tí èlé ń gun orí èlé ni. Ní Akosombo, ẹsẹ̀ bàtà 240 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n pé kí omi má ṣe wálẹ̀ jù. Bí ó bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, ẹni tó gbọ́n á ti ilẹ̀kùn díẹ̀, á fara mọ́ òkùnkùn lónìí kí òkùnkùn ọ̀la má baà jẹ́ òkùnkùn biribiri. Ilẹ̀kùn lè díwọ̀n omi, kò lè dá omi.

Ní ọdún 2007 náà ni ọ̀nà kejì là fún wa. Wáyà tó gbé kílófóòtì 330 láti Ikeja West ní Èkó dé Sakété, Ìtàkété àwọn baba wa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nǹkan bí kìlómítà 70 ni, kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àwa ará Ìfọ̀nyìn. Iná tó ń gba ibẹ̀ wá kì í ṣe ti omi nìkan: gáàsì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n omi odò Ọya wà níbẹ̀. Ìsédò Kainji, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1969, ní ẹ̀rọ mẹ́jọ, mẹ́gáwáàtì 760 lápapọ̀. Ní àwọn tó jẹ́ irú ti Kaplan níbẹ̀, kì í ṣe abẹ tó yí ẹ̀rọ ká nìkan ló ń yí, abẹ tọ́báìnì fúnra rẹ̀ ń yí pẹ̀lú, kí omi má baà ṣòfò yálà ó pọ̀ tàbí ó kéré. Lẹ́yìn Kainji, omi náà ṣàn lọ sí Jebba, níbi tí wọ́n ti kọ́ ìsédò mìíràn ní ọdún 1985, ó tún tan iná níbẹ̀. Omi kan náà, iṣẹ́ méjì. Ohun tí Kainji bá tú sílẹ̀ ni Jebba máa rí lò, nítorí náà, ilẹ̀kùn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa bára wọn sọ̀rọ̀. Omi yìí sì ti gba ẹ̀gbẹ́ Malanville kọjá ní òkè ilẹ̀ Benin kó tó wọ Nàìjíríà. Omi kọjá lọ́dọ̀ wa, iná padà wá bá wa.

A kò lè parí ìtàn yìí láìmẹ́nu kan àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò. Bí adágún bá kún àkúnfàya, abẹ tọ́báìnì nìkan kò lè gba gbogbo omi náà kọjá. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn àtúsílẹ̀ tó wà lára ògiri, kí omi má baà gun orí ìsédò, kó sì wó o. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ọdún 2023, wọ́n tú omi Akosombo sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi ya wọ Mepe àti àwọn ìlú mìíràn nísàlẹ̀ Volta, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn sì di aláìnílé. Nílẹ̀ tiwa, àwọn ará Athiémé àti Grand-Popo mọ ohun tí à ń sọ. Kí wọ́n tó kọ́ Nangbéto, Mono máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn rẹ̀, omi ń ṣàn yípo ọdún, nítorí pé omi adágún ń gba inú tọ́báìnì kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, bí Nangbéto bá kún, ojú wọn ni omi ń já sí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ á ní adágún náà kéré, pé kò lè gbé gbogbo omi òjò ńlá mì. Òótọ́ ni. Àwọn ará ìsàlẹ̀ á ní kí wọ́n tètè máa kéde fún àwọn kí wọ́n tó ṣí i. Òótọ́ ni èyí náà. Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ tú u sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo iwájú fún un.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa kò pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ọmọ wa fi ń kàwé lálẹ́ ní Banigbé kì í wá láti ọ̀run. Ilẹ̀kùn kan ló ń ṣí, ilẹ̀kùn kan ló ń tì, àwọn kan fi ilé wọn sílẹ̀ kí adágún tó dúró, àwọn kan ń sùn pẹ̀lú ojú kan ní ìsàlẹ̀ odò. Bí a bá fi gílóòbù sílẹ̀ tó ń tàn lójú ọ̀sán gangan, omi àwọn ará ibòmíràn là ń dà nù.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó rántí ọdún tí iná kọ́kọ́ dé àdúgbò yín, tàbí bí ẹ ṣe la ọdún 1998 kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún wa kí àwọn ọmọ gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Kútọnu tàbí ní Èkó, a fẹ́ kí ọ̀kan nínú yín wà lára àwọn tí ọwọ́ wọn máa wà lórí ilẹ̀kùn yẹn lọ́jọ́ kan. Nígbà náà, ẹ rántí ará òkè, ẹ rántí ará ìsàlẹ̀.

Ire o.